Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Àgádágodo Ti Omi

Títí di òní, bí o bá bi àwọn tó gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn léèrè ìgbà tí ọmọ wọn kan gbéyàwó, tàbí ìgbà tí wọ́n tún òrùlé ṣe, wọn kò ní dárúkọ ọdún fún ọ. "Kí ọ̀fìnkìn tó dé" ni wọn yóò wí, tàbí "lẹ́yìn ọ̀fìnkìn." Ọ̀fìnkìn lásán, tí ọmọdé ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù dànù! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nínú ilé náà lọ́jọ́ tí à ń wí yìí kò jẹ́ fi orúkọ yẹn ṣe àwàdà mọ́.

Ìjà ni ọjọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀, nídìí oúnjẹ àárọ̀, ní yàrá òkè.

"Jókòó," Aránṣọ sọ fún ọmọ rẹ̀. "O kò lọ síbì kankan."

Ó ti gbọ́ tí ọmọ náà ń wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì kí ilẹ̀ tó mọ́, ikọ́ gbígbẹ kan tó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya. Nígbà tó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, wéré ló mú ọwọ́ kúrò, bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ oníbàárà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Gìrìpá ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé. Ẹrù ló ń gbé ní ibùdó rélùwéè, bó bá sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa ń ní kó rọra, kó má wó ilé lé àwọn lórí.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀fìnkìn tó bá fẹ́ gbé mi dalẹ̀, á lọ pe mẹ́ta kún ara rẹ̀."

"Ẹnu lò ń sọ. Ojú rẹ ti pọ́n."

"Jẹ́ kí ọmọ máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀," bàbá rẹ̀ wí, kò gbé ojú kúrò nínú ife tíì rẹ̀. "Ta ni ọ̀fìnkìn pa rí?"

Atẹ̀wé ni bàbá náà, tàdáwà ti wọ inú èékánná rẹ̀ débi pé kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́ mọ́. Ó na ìka dúdú yẹn sí ìyàwó rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni mo to lẹ́tà ìkéde tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ara ògiri kiri. Wọ́n ní ká má kóra jọ. Wọ́n ní ká fi aṣọ bo imú. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ọkùnrin má lọ síbi iṣẹ́?"

"Bàbá Gìrìpá, ẹ fọwọ́ kan ọmọ yín ná kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

"Ọ̀gá wọn ti ní ẹni tí kò bá yọjú lónìí, kó má yọjú lọ́la mọ́. Ṣé o ò mọ iye èèyàn tó ń dúró lẹ́nu géètì yẹn, tó ń wo àyè rẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja? Bó bá dúró sílé, kí la ó fi máa ra búrẹ́dì tó ti di wúrà yìí?"

"Ṣé búrẹ́dì la fẹ́ máa rí lójú ni, àbí ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ bí àwo tó fọ́. Kò sẹ́ni tó ṣà á. Atẹ̀wé gbé ife kalẹ̀, ó nawọ́ sí ìyá rẹ̀ tó jókòó sí ìkángun tábìlì, tó ń ti búrẹ́dì bọ inú tíì kó lè rọ̀ fún un. "Ẹ wo Màmá. Àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn. Àìsàn yìí kan náà ló dá a dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó sì dìde. Ọmọ tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà ló máa wá kú?"

Ìyá Àgbà kò gbójú sókè. "Àìsàn kì í fi tépù wọn àyà èèyàn kó tó wọlé," ló sọ, ó sì ti búrẹ́dì mìíràn bọ inú tíì.

Gìrìpá dìde. Aránṣọ rí i pé ó fi ìdajì búrẹ́dì sílẹ̀ nínú àwo, ọmọ tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń fi èyí tó kù nu ìsàlẹ̀ ife. Ó la ẹnu láti tún sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti bá ọkọ fa ọ̀rọ̀ lójú ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ojú sì ń tì í láti tún fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó panu dé. Aṣọ kan ló fà yọ nínú àjákù tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi wé ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ ikọ́ náà nísàlẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, títí ariwo ìta fi gbé e mì. Atẹ̀wé náà fi fìlà sórí, ó tẹ̀lé e. Wọn kò kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Nígbà tó yá, Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà, lábẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn Ìyá Onílé, gbogbo ilé ló sì ń lò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú ti máa ń dé etí ẹni kí ó tó dé ibòmíràn. Lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin dúró jìnnà síra, olúkúlùkù fi etí ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n ìborùn kò dá ọ̀rọ̀ dúró.

"Wọ́n ní fèrèsé ilé ẹ̀gbẹ́ wa kò tíì ṣí láti àná," ìyàwó Oníbúrẹ́dì wí.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oògùn ti tà tán. Ìgò òfìfo ló kù níbẹ̀."

Ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá Oníbúrẹ́dì. Gbogbo wọn yíjú síbẹ̀. "Èéfín ààrò ni," ìyàwó rẹ̀ sọ kíákíá, kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi í. Aránṣọ béèrè Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ Ìyá Onílé, nítorí òun ló máa ń gbá ọgbà láràárọ̀, ewé sì ti kún ilẹ̀. Ìyá Onílé tó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọmọ náà ti lọ kí àǹtí rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó Tíṣà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Aránṣọ lókè, bá ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá pẹ̀lú garawa tirẹ̀. Òun àti Aránṣọ kò kí ara wọn. Aṣọ aláró kan tí Aránṣọ sá ló ro sára bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun obìnrin náà lórí okùn, lọ́jọ́ kan báyìí, àtìgbà náà ni ẹnu wọn ti dí síra wọn. Garawa kékeré kan ni Aránṣọ pọn. Ó rò pé òun yóò tún padà wá.

Ọ̀sán ni wọ́n gbé Gìrìpá dé.

Ariwo táyà ọmọlanke lórí òkúta ni Aránṣọ kọ́kọ́ gbọ́, kò sì kà á sí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń pè é láti ìsàlẹ̀, ohùn tí kò mọ̀. Ó yọjú láti ojú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ ló rí lórí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó àpò, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kọjá pákó, ó ń mì lójú afẹ́fẹ́ bí ohun tí kò ní ẹni tó ni ín. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ti pupa.

Kò mọ bó ṣe dé ìsàlẹ̀. Tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹnu iṣẹ́ ló ṣubú sí, Màmá," ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì tó tì í wá wí láti inú aṣọ tó fi di ẹnu. "A gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ti ti géètì. Wọ́n ní kò sí àyè ẹsẹ̀ kan mọ́ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀."

"Gìrìpá! Gìrìpá, èmi rèé!"

Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde láàárọ̀ kò lè gbé orí. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò ó, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni tó ń wo èèyàn láti òdìkejì odò.

"Ẹ bá mi gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e gòkè."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n rọra gbé e sí orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá ń retí ọmọlanke, wọ́n sì lọ. Aránṣọ yíjú sí ọgbà. Oníbúrẹ́dì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ méjèèjì, ọkùnrin tó máa ń bá Gìrìpá ja ìjàkadì eré ní ọjọ́ ìsinmi títí àwọn èèyàn yóò fi rẹ́rìn-ín dákú. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọwọ́ kan na jáde láti inú yàrá, ó di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó fà á wọlé. Ilẹ̀kùn tì.

"Ẹ má gbé e kọjá nínú ilé mi!" Ìyá Onílé kígbe láti òkèèrè. "Ẹ gbé e padà síbi tó ti kó o! Èèyàn ló wà nínú ilé yìí!"

"Èèyàn ni èyí náà, Ìyá Onílé."

Kò sẹ́ni tó sún mọ́ wọn. Ìyá Àgbà ló sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìdí wọ́ ara rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì ju bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì síwájú rẹ̀. Orí aṣọ yẹn ni wọ́n yí Gìrìpá sí. Aránṣọ ń fà á láti òkè, ìyá arúgbó ń fi èjìká tì í láti ìsàlẹ̀, wọ́n sinmi, wọ́n tún fà, tí orí ọmọ náà sì ń kan àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan tí kò sì kérora. Ó wà lọ́kàn Aránṣọ pé òun gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan ṣí díẹ̀, tó sì tún padé. Nígbà tí wọ́n fi tẹ́ ẹ sórí ẹní, apá ẹ̀wù Ìyá Àgbà ti ya.

"Omi," Gìrìpá wí.

Ó mu ún. Ó tún ní omi. Ara rẹ̀ gbóná débi pé aṣọ tútù tí wọ́n gbé lé e níwájú orí ń gbẹ kí wọ́n tó yíjú. Kò pẹ́ tí ife fi ń ha ìdí garawa kékeré yẹn. Aránṣọ gbé e, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n irin kan ti wà lára ẹ̀rọ omi. Wọ́n wé e mọ́ ọn yíká, wọ́n sì fi àgádágodo ti ẹnu rẹ̀ pọ̀. Aránṣọ dúró níwájú rẹ̀, garawa lọ́wọ́. Ó fọwọ́ kan àgádágodo náà bí ẹni tí kò tíì mọ ohun tó jẹ́.

"Ìyá Onílé!"

Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn wà ní títì. Ìyá Onílé jáde sí ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ nínú okùn. "Kì í ṣe nítorí tèmi o. Nítorí gbogbo wa ni. Ọwọ́ yín ti kàn án. Bẹ́ ẹ bá tún fi kan ẹ̀rọ yìí, gbogbo ilé ló máa lọ."

"Omi ni mo ní kí ẹ fún mi. N ò ní kí ẹ fún mi ní ẹ̀mí yín."

"Nítorí ẹ̀mí la ṣe tì í."

"Ẹ bá mi pọn ọ́n fúnra yín, kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ lọ. N óò dúró lọ́hùn-ún."

"Wọ́n ní inú atẹ́gùn ló ń gbà."

Aránṣọ kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù, obìnrin tó rán aṣọ ìgbéyàwó àkọ́bí Ìyá Onílé, tó fi eyín já òwú ìkẹyìn lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an. "Ìyá mi, ọmọ mi ń gbẹ. Ife kan. Ẹ jọ̀ọ́, ife kan péré."

Ìyá Onílé wo fèrèsé yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ilẹ̀kùn tó yí ọgbà ká ló dákẹ́. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn wọn, Aránṣọ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ tí àga ń dún. Aládùúgbò, ará ẹ̀gbẹ́ ilé ẹni la ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ ti di òkèèrè.

Ó jáde sí òpópónà. Ilé àkọ́kọ́ kò dá a lóhùn. Ní ilé kejì, obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn gíláàsì pé kó má bínú. Ní ìkẹta, ajá ló gbó o. Ó padà pẹ̀lú garawa òfìfo, ó ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó gbé òkúta.

Kẹ́tùlù kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó kún fún omi títí dé ẹnu, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ní òdìkejì, ilẹ̀kùn Ìyàwó Tíṣà ń padé lọ, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo.

"Ẹ ṣé o," Aránṣọ sọ fún ilẹ̀kùn náà.

Ìyá Àgbà gba kẹ́tùlù, wọ́n ń fi ṣíbí rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gìrìpá tilẹ̀ dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó ní kó má sọ fún ọ̀gá òun. Lẹ́yìn náà ni ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Aránṣọ rò pé òjìji kọ́tìnnì ni, ó fa kọ́tìnnì sẹ́yìn. Oòrùn wọlé yàà, ó bọ́ sí ojú ọmọ náà, àwọ̀ yẹn kò sì lọ. Láti ètè ló ti gba etí, ó gba ìka ọwọ́, àwọ̀ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Èémí rẹ̀ ń hó nínú àyà bí ọbẹ̀ tó ń sè.

"Màmá," ó wí, "ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Oòrùn ló wà lójú rẹ̀. Aránṣọ wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wo ilẹ̀.

"Ó ń ṣú bọ̀," Aránṣọ dáhùn. "Sinmi."

Ó yíjú láti fún aṣọ tútù. Ìgbà tó fi yí padà, yàrá náà ti dákẹ́. Ó gbé aṣọ lé e níwájú orí síbẹ̀síbẹ̀. Ó tún un tẹ́ kó lè bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyá Àgbà ló na ọwọ́ kọjá rẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé.

"Èmi lo wá mú," ìyá arúgbó náà sọ, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń bá wí. "Èmi lo kọ́kọ́ wá mú. Kí ló dé tó o fi mí sílẹ̀?"

Aránṣọ kò sunkún. Ó ń wo ẹsẹ̀ Gìrìpá tó yọ jáde ní ìdí ẹní, ó ń rò ó pé ó yẹ kí àwọn ra ẹní tó gùn ju èyí lọ fún un. Báyìí ni orí ẹni ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wé wọlé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé pa, nítorí àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń to lẹ́tà ti ṣubú lórí iṣẹ́. Ó ti lọ ra ọsàn fún ọmọ rẹ̀ ní ibi tó jìnnà, apá rẹ̀ méjèèjì kún fún un. Láti orí àtẹ̀gùn ló ti ń pariwo.

"Gìrìpá! Ṣé ó ti dé? Ìyá ẹ borí lónìí o! Wọ́n ní ká jókòó sílé, gbogbo wa!"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀, aṣọ bo ẹni tó wà láàárín wọn.

"Ó ti sùn?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

"Mo ní ṣé ó sùn ni?"

Ọsàn kan bọ́ lápá rẹ̀. Ó yí lọ lórí pákó, ó kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó dúró. Atẹ̀wé tẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn, ó sì yọwọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ti yọwọ́ níwájú orí láàárọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ló jó o.

"Ṣùgbọ́n ta ni..." ó bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn òwúrọ̀ ti fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé e mì. Ojú Ìyá Àgbà wà lára rẹ̀. Ojú Aránṣọ kò sí lára rẹ̀, èyí ló sì burú jù. Ì bá wù ú kí obìnrin náà bú u. Ì bá wù ú kó dì í láṣọ mú, kó fi gbogbo ohun tí òun sọ nídìí tíì nà án lójú.

Atẹ̀wé ní, "Ẹ jẹ́ ká wẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ n lọ pọnmi."

"Kò sómi," Aránṣọ wí.

"Ẹ̀rọ bàjẹ́?"

"Wọ́n tì í."

"Wọ́n ti kí ni?"

Ìyá Àgbà ló ròyìn fún un, ní ọ̀rọ̀ ṣókí ṣókí. Atẹ̀wé gbọ́ ọ dópin. Ó to ọsàn tó kù sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fa òòlù yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Gbogbo ilé ló gbọ́ òòlù náà. Ó lù ú, ó lù ú, irin ń ké, títí àgádágodo fi fò, tó bá ògiri. Ó ṣí ẹ̀rọ débi tó lè ṣí dé. Omi tú jáde, ó ń bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó ń ṣàn gba ẹnu ilẹ̀kùn olúkúlùkù kọjá.

"Ẹ bọ́ síta!" Atẹ̀wé ń pariwo. "Ẹ bọ́ síta kẹ́ ẹ wá pọn ọ́n! Ọmọ mi ò mu nínú rẹ̀ mọ́! Ó ti kù fún yín! Ẹ wá mu ún!"

Kò sẹ́ni tó jáde. Ohùn rẹ̀ já. Ó jókòó sínú omi tó ń ṣàn, ó fi ọwọ́ alátàdáwà bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ilẹ̀kùn Oníbúrẹ́dì dún. Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú korobá lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò wo Atẹ̀wé. "Ìyàwó mi ni," ó wí. "Láti ọ̀sán. Ọmọ wa kékeré, láti àná." Ikọ́ mú òun fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń pọnmi, ó sì di ẹ̀rọ mú kó má ṣubú. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyàwó Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè: Tíṣà ti wà lórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta, omi tó kù nínú yàrá wọn sì ni ó bù sínú kẹ́tùlù lọ́sàn-án. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì jáde, ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, garawa ń dún, kò sì sí yàrá kan tí kò ní ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn kọ́tìnnì rẹ̀. Ohun tó bá ojú ti bá imú, ṣùgbọ́n imú ti ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ojú rí. Wọ́n dúró yí omi ká, wọ́n ń wo ara wọn lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, bí àwọn olè tí ilẹ̀ mọ́ bá níbi kan náà. Ìyàwó Oníbúrẹ́dì kò rí òpin ọ̀sẹ̀ náà. Tíṣà yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́.

Lókè, Aránṣọ ń gbọ́ ohùn omi. Ẹnì kan gun àtẹ̀gùn wá, ẹsẹ̀ wúwo tó ń dúró lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Onílé ni. Kò wọlé. Ó rí ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, ó di òpó ẹnu ọ̀nà mú.

"Báwo..." ó wí. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Báwo ló ṣe ṣe é? Àwọ̀ ètè rẹ̀... ṣé ó yí padà?"

Aránṣọ gbójú sókè.

"Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni," Ìyá Onílé wí. "Kò lọ sí ọ̀dọ̀ àǹtí kankan. Ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo ní bí wọ́n bá ń pé jọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n á sì sá fún wa. Mi ò mọ... mi ò mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ìwọ lo rí i. Ìwọ nìkan lo rí i láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Atẹ̀wé ti dé ẹ̀yìn Ìyá Onílé lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú garawa, aṣọ rẹ̀ ń ro. "Má lọ," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Aránṣọ, mo bẹ̀ ọ́, má lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti panu dé, ó sì gbà fún ọkọ rẹ̀. Aránṣọ wo ọmọ rẹ̀. Ó tún aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ibi tó máa ń yọ jáde. Ó dìde, ó gba garawa lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó bù lára omi náà sínú kẹ́tùlù, ó mú ṣíbí.

"Ẹ jókòó tì í," ó wí fún Atẹ̀wé. "Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀."

Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ wà láyé títí di òní, ó ti ní àwọn ọmọ tirẹ̀, òun gan-an ló sì máa ń sọ ibi tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ó dà bí ẹni pé òun wà nísàlẹ̀ kànga, tí ẹnì kan gbé òun jókòó, tó sì fi àyà ti òun lẹ́yìn. Òórùn òwú àti áyọ́ọ̀nù ló fi mọ ẹni náà. Aránṣọ gbé iná sún mọ́ ojú rẹ̀, ó wo ètè rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó funfun, ó sán, ṣùgbọ́n kò tíì yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí fún un lómi, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kó gbé e mì kó tó fún un ní òmíràn. Ìyá Onílé dúró ní igun yàrá, lábẹ́ fèrèsé.

Ọmọ náà la ojú.

"Màmá Aránṣọ," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ewé lọ. "Mo gbọ́ yín lọ́sàn-án. Lójú fèrèsé. Ẹ ń bẹ̀bẹ̀ omi."

Ṣíbí dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Mo ní kí Màmá mi ṣí i fún yín. Ohùn mi ò jáde." Ó sinmi. "Ṣé wọ́n padà fún yín?"

Ìyá Onílé yíjú sí ògiri. Láti òkè, ohùn ọkùnrin kan ń dún, tó ń sunkún bí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é.

"Wọ́n fún wa," Aránṣọ dáhùn. "La ẹnu."